Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dáhùn

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ló tó gbà pé kì í ṣe ojú òun ló ń ṣe òun. Ó tan kọ̀ǹpútà nọ́ńbà keje, ó dúró. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú dùdù fún ìgbà díẹ̀, ó wá mọ́lẹ̀. Lókè ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yọ:

"Ọ̀wọ́n mi, o ti dé. Ṣé o sùn dáadáa?"

Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí ẹni tó máa ń pè é ní Ọ̀wọ́n mi ti wà nínú ilẹ̀.

Lánàá, ohun tó kọ síbẹ̀ ni, "Ọ̀wọ́n mi, aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn yẹ ọ́." Lọ́jọ́ Ajé, "Ọ̀wọ́n mi, má bínú sí mi mọ́." Lọ́jọ́ Ajé yẹn, eré ló fi jáde nínú gbọ̀ngàn, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lónìí, kò sáré. Ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ náà lójú ẹ̀rọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn.

Àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé yìí kì í ṣe irú èyí tó ń dá ronú. Ọgbọ̀n ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan kò ju páálí bàtà ọmọdé lọ, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn. Bí o bá tàn wọ́n, ńṣe ni wọ́n máa ń ké sínú wáyà pé, "Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí mi!" Sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, á dá wọn lóhùn, á gbé Línọ́ọ̀sì, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, fún wọn, wọ́n á sì lajú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣàlàyé rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ó ní, "Bí èmi náà ṣe ń ké látọjọ́ yìí nìyẹn. Ìwọ lo kọ́kọ́ dáhùn." Ẹ̀rín pa á, ìfẹ́ sì wọlé tọ̀ ọ́ láì kan ilẹ̀kùn.

Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé ń pè é nítorí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé. Òun ni atọ́jú-ẹ̀rọ níbí kí àìsàn tó mú un lọ nígbà tí ìgbéyàwó wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, òun tó dúró níwájú nọ́ńbà keje yìí, ló wá gba iṣẹ́ náà, tó jókòó sórí àga rẹ̀.

"Dókítà Ẹ̀rọ!" Ohùn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Ìdánwò ku wákàtí kan, kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ṣì ń lé àwọn ọmọ mi síta bí ẹni lé adìẹ! Wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á kọ páswọ́ọ̀dù, á ní irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Mo ń wò ó lọ́wọ́, Mà."

"Látọjọ́ Ajé lo ti ń wò ó. Ṣé ìwòran ni mo gbà ọ́ fún ni? Àwọn olùdánwò ti wà lọ́nà. Bí kò bá ṣí láago mẹ́wàá, wọ́n á yí padà, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Ohun tí kò lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ni pé ó ti lè wá ìdí ọ̀rọ̀ náà láti àná. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ó bá tún un ṣe, tí nọ́ńbà keje sì dákẹ́ ńkọ́?

Ó kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Ó tún un kọ, ó tún kọ̀. Àwọn ìka rẹ̀ wá ṣe bí ẹni pé wọn kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n tẹ páswọ́ọ̀dù àtijọ́, ọjọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín fi òrùka sí i lọ́wọ́, èyí tó ti pààrọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú nítorí pé kò lè tẹ̀ ẹ́ láìsunkún.

Nọ́ńbà keje ṣílẹ̀kùn fún un.

Sáfà tuntun, èyí tí wọ́n rà lẹ́yìn ìsìnkú náà, kò mọ páswọ́ọ̀dù yẹn rí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n: sáfà àtijọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tí ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé dànù. Ó bi nọ́ńbà keje léèrè ẹni tó jí i. Àdírẹ́sì tó fún un kì í ṣe ti sáfà tuntun.

Ó lọ sídìí àpótí tí gbogbo wáyà ti ń pàdé. Ọ̀kan nínú wọn, wáyà búlúù kan, kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé e lára ògiri, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dé ẹnu yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Nǹkan kan ń kùn nínú ibẹ̀, mmmm, bí ẹni tó sùn.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, tó ń gbá ilé-ẹ̀kọ́ náà, jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó gbé ọwọ́ lé sáfà àtijọ́ náà bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

"Pa ilẹ̀kùn dé, ìyàwó mi. Eruku ò dáa fún un."

"Màmá! Ta ló tan nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Ọmọ mi ló ní kí n má jẹ́ kí wọ́n pa á. Orí ibùsùn ló ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀gá wá ní kí n gbé e dànù. Èmi? Mo gbé e síbí, mo daṣọ bò ó. Lọ́jọ́ Àìkú mo wá lálàá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ ń mì, n ò gbóhùn. Mo ní áà, èmi ni mi ò tan ẹ̀rọ ọmọ mi! Bí mo ṣe dé lọ́jọ́ Ajé, mo ki wáyà iná bọ̀ ọ́. Mo rí ihò kejì, mo ki búlúù bọ ìyẹn náà. Ṣebí bí òun náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀rín àti ẹkún gbá ọmọbìnrin náà mú lẹ́ẹ̀kan náà. "Màmá, ti iná nìkan ni ìbá tó. Bí àwọn kọ̀ǹpútà bá ti ń ké báyìí, òun ló ń kọ́kọ́ dá àwọn kan lóhùn. Kò sì mọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun, ó ń lé wọn síta."

"Kò mọ ìwọ náà ni?"

"Ó mọ̀ mí." Ó kúnlẹ̀. "Ẹlẹ́rìn-ín kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀ fún mi, Mà. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á mú ọ̀kan jáde lójú nọ́ńbà keje."

"Ó ku mélòó?"

"N ò kà á." Ó lè kà á. Kò fẹ́ mọ̀ ni.

Ohùn ọ̀gá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá: "Dókítà Ẹ̀rọ! Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá!"

Ó di wáyà búlúù mú, ṣùgbọ́n kò fà á.

"Bí o bá yọ ọ́, ṣé ó máa kú?"

"Rárá, Mà. Kò kàn ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ níta ni. Bí mo bá gbé ojú kọ̀ǹpútà kan wá síbí, mo lè máa wá kà á láràárọ̀, èmi àti ẹ̀yin..."

"Níbo? Nínú yàrá ìgbálẹ̀?" Ìyá náà wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Èmi bí i, n ò ríbi lọ. Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, o fẹ́ wá bá mi du korobá? Dìde jàre."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó le koko lé ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Àwọn méjèèjì jọ fà á. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn sáfà náà kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn.

Nínú gbọ̀ngàn, ó pa gbogbo kọ̀ǹpútà, ó tún tàn wọ́n. Wọ́n ń jí níkọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà keje ló pẹ́ jù. Ó dúró níwájú òkùnkùn rẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kó jí, ó sì ń gbàdúrà pé kó má jí.

Ó jí. Àyè orúkọ, àyè páswọ́ọ̀dù. Lókè wọn, kò sí nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń kanra láti òwúrọ̀, wá jókòó síbẹ̀. "Àǹtí, ṣé kò ní lé mi síta báyìí?"

"Kò ní lé yín, Mà. Ẹ kọ orúkọ yín."

Obìnrin náà kọ ọ́, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí fún un. Dókítà Ẹ̀rọ tún wo òkè àyè orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá kọjá lọ sídìí nọ́ńbà kẹjọ.