Omi Iyọ̀ Fún Tòmátò

Àfọwọ́fà ni. Kò sẹ́ni tó ti Oníyọ̀ pé kó fi tòmátò rẹ̀ sílẹ̀ fún màmá rẹ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ìpàdé gbé e rìnrìn-àjò, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣàìsàn, ilé àwọ̀n tó gbin tòmátò sí sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí màmá máa ń jókòó na orúnkún tó ń dùn ún.

Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Oníyọ̀, torí omi iyọ̀ ló ń bù sí nǹkan ọ̀gbìn. Ó ń wá tòmátò tí àgbẹ̀ etí òkun lè gbìn kí iyọ̀ ilẹ̀ má pa á. Ó mú tòmátò igbó kan, kékeré, kíkan, tí ẹyẹ pàápàá ń yọ ṣùtì sí, ó so ó pọ̀ mọ́ tòmátò ọjà bí ọkọ àti ìyàwó. Nínú àwọn ọmọ wọn, èyí tó bá jogún àbùdá agídí ti igbó yóò mu iyọ̀ yóò sì dúró; ìyókù yóò kú. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ pé bí kò bá rí ọ̀kan mú jáde lọ́tẹ̀ yìí, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

"Màmá, inú kẹ́ẹ̀gì búlúù yìí nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa bu omi o. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n ń kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kú."

"Mo gbọ́."

Ìgbà tí Oníyọ̀ fi máa dé, gbogbo tòmátò ló tutù yọ̀yọ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì wò. Omi inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín.

"Màmá, omi wo lẹ bù sí wọn?"

"Omi ẹ̀rọ. Ṣé kí n wá máa wò wọ́n níran ni? Wọ́n dorí kodò bí ọmọ tébi ń pa. Èmi ò lè ṣìkà lọ́jọ́ ogbó mi."

"Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

"Kò bó. Òun lo fi ń jágbe mọ́ mi yìí."

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn tòmátò ti dàgbà kọjá ìdánwò, irúgbìn mìíràn kò sì sí nílẹ̀. Gbogbo ayé sú Oníyọ̀. Ó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì.

Ìjókòó náà kò bá màmá lára mu. "Kì í kúkú ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó ń sunkún ni mo fún lómi ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́ta ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn, inú kẹ́ẹ̀gì ẹ ni mò ń bù fún wọn. Wọn ò dà mí láàmú, kí ni mo fẹ́ máa kẹ́ wọn sí?"

Oníyọ̀ dìde. Ó mú iyẹ̀pẹ̀ ìdí àwọn mẹ́ta náà, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ewé wọn sì le, wọ́n nàró ṣánṣán. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Bí mo ṣe tọ́ ẹ̀yin náà nìyẹn," ni màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹkún làwọn ẹ̀gbọ́n ẹ fi ń gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ mi. Ìwọ ò sunkún rí. Mi ò tiẹ̀ rántí pé mo gbé ẹ pọ̀n."

"Mo máa ń sunkún, Màmá. Ẹ kì í sí níbẹ̀ ni."

Màmá fi ọwọ́ ti orúnkún rẹ̀, ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó bu omi sínú ife wá.

"Gbà, mu ún," ó ní. "Kò níyọ̀."