Ohun Tó Ń Dún Lábẹ́ Mọ́tò Mi

Àwọn ọmọ mẹ́fà tí mo máa ń gbé láti Kétu lọ sí iléèwé wọn ní Gbàgádà ti sọ ariwo abẹ́ mọ́tò mi di orin. Bí mo bá ti ń yí kọ́nà Ìkòsí báyìí, tí iwájú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó, gbogbo wọn á máa pàtẹ́wọ́ sí i. Èmi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ariwo yẹn máa dójú tì mí lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́rú ló ṣe é. Epo gíà ti jò tán, mọ́tò kọ̀ láti rìn ní Ọ̀jọ́ta, àwọn ọmọ sì pẹ́ dé iléèwé. Nírọ̀lẹ́, Loveth, ìyá Testimony tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Aunty Nimat, ẹ má bínú. Àwa mummies ti jọ sọ ọ́. Tó bá fi máa di Monday tí mọ́tò yín ò tíì okay, a máa kó àwọn ọmọ fún driver míì."

Ogún ọdún ni mo fi ránṣọ kí àwọn aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ tó gba àwọn oníbàárà mi lọ. Iṣẹ́ ọmọ gbígbé yìí ni mo fi dìde padà. Mi ò ní òmíràn.

Wàsíù, mẹkáníìkì òdìkejì títì wa, ti pààrọ̀ síìlì tó ń dá epo gíà dúró lẹ́ẹ̀mejì, epo ò sì yé kán. Nígbà tí mo tún lọ bá a, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò.

"Mummy, gear ti kú. Ẹ lọ ra Belgium."

Gíà àlòkù láti ìlú òyìnbó ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa, Mummy. Kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin."

Inú bí mi gan-an. Ọdún méjì ni mo fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin yìí, tí mo ń wò ó bó ṣe ń tú mọ́tò. Mo mọ̀ pé òòlù ló fi ń gbá síìlì wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, bí ẹni ń kan ìṣó. Mo délé, mo wo fídíò lórí fóònù títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Mo ra síìlì méjì, mo yá irinṣẹ́.

Ní Sátidé, ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò, ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Mo ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà han, kò yí.

"Mummy Ìlérí, jẹ́ ká pe Wàsíù."

"Daddy Ìlérí, ẹ fẹsẹ̀ mọ́ búréèkì yín."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yí. A fi jáàkì gbé mọ́tò, a gbé e lé irin, mo sì fa ṣáàfùtì jáde, irin gígùn tó máa ń gbé agbára gíà wá sí táyà. Bí mo ṣe ń nù ún, mo fi èékánná fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣà ìránṣọ ni. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ bá ti bàjẹ́, èékánná ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, kó tó fa aṣọ oníbàárà ya. Ní ọrùn ṣáàfùtì, níbi tí síìlì ti ń gbá a mọ́ra gan-an, èékánná mi há.

Irin ti jẹ yípo, tín-ín-rín bí òwú. Mo mì ín, orí rẹ̀ kejì dún kó-kó-kó lọ́wọ́ mi. Gíà ò kú. Síìlì ọgọ́rùn-ún ò lè dí ibi tí irin ti jẹ. Mo tú ti ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà ló rí.

Mo gbé méjèèjì lọ sí Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ẹni tó ń ta ṣáàfùtì tuntun ń wò mí bí mo ṣe ń fi èékánná yẹ ọjà rẹ̀ wò. Mo ní kó máa wò mí lọ, mo sì ra méjì tí èékánná mi ò há sí.

Lọ́jọ́ Sunday, mo fi gíríìsì pa ètè síìlì. Agolo mílíìkì ṣe wẹ́kú rẹ̀, mo fi í lé e, mo ń gbá a jẹ́jẹ́ títí síìlì fi jókòó dọ́gba. A ki àwọn ṣáàfùtì tuntun bọ̀ ọ́, a da epo tuntun sí gíà, mo wa mọ́tò dé Mile 12, mo padà, mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, mo sì gbé àga síwájú ilé.

Wàsíù sọdá wá. Ó fi ìka nu páálí. Ó gbẹ. Mo gbé ṣáàfùtì àtijọ́ fún un, mo ní kó fi èékánná fà á. Ó fà á dé ọrùn, èékánná há. Ó tún un fà.

"Ọ̀gá mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò méjì wà níbẹ̀ tí mo ti sọ pé gear wọn ti kú."

Inú mi dùn débi pé mi ò rántí bú u.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé. Bí mo ṣe ń yí kọ́nà Ìkòsí, mo rí wọn nínú dígí, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń dúró de orin wọn. Mọ́tò yí, kò sọ nǹkan kan.

"Aunty," Testimony ní, "ó ti dákẹ́."

"Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún èmi.