Àmín fún Fíríìjì

Sarat, olùkọ́ tí wọ́n bí sí Sabon Gari, ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò lọ máa kọ́ àwọn ará Jámánì ní èdè Haúsá. Lọ́jọ́ àdúrà ìdágbére, gbogbo ẹbí pé sílé bàbá rẹ̀. Àáfà tọrọ mọ́tò fún ọkọ rẹ̀, wọ́n ṣe àmín. Ó tọrọ fíríìjì fún ìyá ọkọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún bàbá Sarat. Àmín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù lórí ilé. Kò sẹ́ni tó ní kí Sarat lọ ire, kó bọ̀ ire.

Ó dìde fùú. "Mi ò lọ mọ́!"

Bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ tó o ti tọwọ́ bọ̀wé?"

"Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣe àmín, ẹ kúkú di ẹrù yín, kí ẹ máa lọ sí Jámánì."