Súkúrù Tí Muhideen Yí Kẹ́yìn

Òtútù New York kì í ṣe ọyẹ́ tí èèyàn lè torí ẹ̀ fi òrí para kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ó ń gé Bàṣírù létí bí abẹ, síbẹ̀ kì í ṣe òun ló ń mú un gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì ni.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìsáré kékeré tí wọ́n ń pè ní kaati ni. Rashidat ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fi ọkọ̀ náà ṣe ìdánrawò lórí pápá kan létí omi, lẹ́yìn àdúgbò Jamaica. Muhideen, ẹ̀gbọ́n Rashidat, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ìgbà ooru tó kọjá ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mú un lọ. Lẹ́yìn fìdáù, ìyá wọn pín gbogbo ẹrù rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe: aṣọ, bàtà, títí kan ẹní ìkírun. Bàṣírù ò jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn: súkúrù kékeré ara kàbúrétọ̀, èyí tó ń díwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Muhideen ló yí i kẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tó wọ ọsibítù. Bàṣírù bàbá rẹ̀ kán ọ̀dà funfun sórí rẹ̀ kó má baà sún.

Ní báyìí, gbogbo ìgbà tí Rashidat bá yí kọ́nà tó wà lápá omi, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì kú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Muhideen ṣe ń wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti kékeré l'Abẹ́òkúta ni ìyá Bàṣírù ti kìlọ̀ fún un pé bó bá gbọ́ ohùn tí kò rí ẹni tó ni ín, kó má dáhùn. Ṣùgbọ́n bàbá tó gbọ́ ikọ́ ọmọ rẹ̀, báwo ló ṣe máa panu mọ́? "Hẹ̀n, Muhideen," ló ń wí lábẹ́lẹ̀.

Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó da epo nù, ó rọ òmíràn. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dáadáa. Ìgbà tó tún kú, ọkọ̀ mìíràn ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Díẹ̀ báyìí ló kù kó gun Rashidat lórí. Ẹ̀rù ba Bàṣírù gidigidi: àbí Muhideen ń pe àbúrò rẹ̀ ni? Susan tó ń bójú tó pápá náà wá sọ fún wọn pé bó bá tún kú sójú ọ̀nà, kí wọ́n kẹ́rù wọn máa lọ sílé.

Rashidat bọ́ akoto lórí. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Daddy, summer ni Bọ̀dá Muhideen set ẹ̀ fún. Òtútù ti dé, ó need epo sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣí i díẹ̀, please."

Bàṣírù ní òun ò fẹ́ gbọ́. Ó ní ọwọ́ ọmọ òun ló wà níbẹ̀.

"Mo mọ̀, sir. But èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ yẹn."

Bàṣírù wo ojú ọmọ náà títí. Ojú tì í. Ó mú sukudiráfà, ó ní kí Muhideen má bínú, ó ha ọ̀dà funfun náà kúrò, ó sì yí súkúrù náà díẹ̀.

Ohùn ẹ́ńjìnnì náà han gooro. Rashidat gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá, ó dorí kọ kọ́nà etí omi. Ó dé ibẹ̀, ó kọjá, eré ọkọ̀ náà ò dín. Ó yí po, ó tún kọjá. Inú Bàṣírù dùn, ó dúpẹ́ pé ọ̀kan ṣì kù fún òun. Síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ikọ́ náà ló ń retí, ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i péré.

"Muhideen," ó pè é sókè lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ́ńjìnnì náà ò wúkọ́. Rashidat tó ń kọjá ló rí i tí ẹnu rẹ̀ mì. Ó rò pé òun ni bàbá òun ń pè, ó sì nawọ́ sókè.