Aṣọ Abẹ́ Awọ Ọ̀pọ̀lọ́

Ẹnu ọmọbìnrin náà fẹ̀. Ká má parọ́, ó fẹ̀. Ojú ẹ̀ sì yọ síta díẹ̀, bíi ti bàbá tó bí i. Èyí ò tó nǹkan téèyàn ń pariwo lé lórí, àmọ́ ta ló máa sọ ìyẹn fáwọn ọmọ iléèwé? Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ọ̀hún ti mọ́ ọn lára débi pé tí wọ́n bá pè é, á dáhùn. Dídáhùn tó ń dáhùn yẹn gan-an ló ń dun ìyá ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀, ju orúkọ fúnra ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tọ́mọ dé lọ́jọ́ kan tó ní iléèwé fẹ́ ṣe eré, pé òun lòun máa ṣe ọ̀pọ̀lọ́, Télọ̀ ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé wọn ò rí ẹlòmíì ni?"

Ìgbà tọ́mọ wá ròyìn ìtàn náà fún un lọkàn ẹ̀ tó rọ̀. Ọmọbìnrin ọba kan ni wọ́n fi èpè sọ di ọ̀pọ̀lọ́. Inú kànga ló ń gbé, gbogbo ẹni tó bá wá pọnmi ló ń sọ ọ́ lókò. Nígbà tó yá, ẹnì kan fẹ́ràn ẹ̀ tọkàntọkàn, ni awọ bá já bọ́, ni ọmọ ọba bá yọ.

Háà! Kí ni Télọ̀ tún ń wá? Lójú gbogbo àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn lawọ máa ti bọ́, orúkọ burúkú á sì bá awọ lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, aṣọ àwọn oníbàárà sùn sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé télọ̀ tí ò bá parọ́ "ẹ padà wá lọ́la" kì í ṣe télọ̀, àmọ́ ti obìnrin yìí wá lékenkà. Ó rán awọ ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé, ó ki òwú sí i lẹ́yìn kó lè rí ṣákiṣàki. Ó wá rán aṣọ funfun dídán sábẹ́ ẹ̀, ó fi òwú kan ṣoṣo so méjèèjì pọ̀ láti èjìká dé ìdí. Téèyàn bá fa etí òwú yẹn lábíyá, wóró lawọ máa ṣí, táá jábọ́. Ọmọ dúró kó wọ̀n ọ́n, ó na apá ọmọ síta, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Ojú ìyá ẹ̀ lọmọ ń wò.

Lọ́jọ́ eré, Télọ̀ fúnra ẹ̀ ló fa òwú náà kí tíṣà lè rí i nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń múra. Awọ já bọ́. Tíṣà pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ọwọ́ yín mà dáa o!" Ló bá pe ọmọ kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́nu kóńkó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ìbàdí aṣọ funfun yẹn wọlé díẹ̀ fún eléyìí."

"Fún ta ni?"

"Òun lọmọ ọba. Ọmọ tiyín á fò wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, òun á gbabẹ̀ jáde."

"Ṣebí ẹnì kan náà ni wọ́n nínú ìtàn?"

"Nínú ìtàn ni, Màmá." Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. A ó sọ fáwọn èèyàn pé ó ti di arẹwà. Ó yẹ kójú wọn rí i."

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ ẹlòmíì. Wọ́n sọ òótọ́. Àmọ́ gbọ̀ngàn ti kún. Tí Télọ̀ bá ká aṣọ ẹ̀ lọ sílé, eré bà jẹ́ nìyẹn, orí ọmọ ẹ̀ náà ni wọ́n máa dà á lé. Ó kúnlẹ̀, ó gba ìbàdí wọlé fọ́mọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn náà, ó rán awọ mọ́ ọmọ tiẹ̀ lára láti ẹ̀yìn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ fò jáde, kò tíì balẹ̀ tẹ́rìn-ín fi sọ. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò bá wò ó! Ó fò, ó kàn mọ́lẹ̀, ó wú ọ̀fun, ó sì fò wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ẹlẹ́nu kóńkó yọ nínú aṣọ funfun. Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Télọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó bá ọmọ ẹ̀ lórí àga, nínú awọ.

"Ọmọ mi, má bínú. N ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni..."

"Èmi mọ̀," lọmọ sọ. "Látọjọ́ àkọ́kọ́ ni tíṣà ti sọ fún mi."

"O mọ̀! O wá jẹ́ kí n máa wọ̀n ẹ́ káàkiri?"

"Inú yín ń dùn ni, Màámi. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́." Ó nu òógùn ojú ẹ̀. "Mo sì fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín? Èmi ni mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́."

Ọmọ náà kọjú sí i.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti ń retí kí n di ẹlòmíì ni?"

Télọ̀ fẹ́ sọ pé rárá. Ó wá ọ̀rọ̀ náà títí, kò rí i. Ọmọ dìde, ó kẹ́yìn sí ìyá ẹ̀ kó lè bá a tú awọ náà.