Àgọ́ Tí Bàbá Mi Fi Ṣọ́ọ̀kì Wọ̀n

"Àgọ́ ẹni mẹ́rin nìyí," ni ọmọ tó ń tajà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù wí. Mo ní irọ́ ni. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ sára páálí sùn nínú ẹ̀ rí ni? Bàbá mi, tí wọ́n jókòó nítòsí káńtà, kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Télọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn fúnra wọn ló rán àgọ́ tí a máa ń kó sí búùtù mọ́tò lọ sétí odò. Wọn ò fọwọ́ kan tépù. Wọ́n ní kí gbogbo wa dùbúlẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí wa ká. Màmá rẹ́rìn-ín títí, ṣọ́ọ̀kì kún irun wọn. Bàbá tún fàlà ẹnì kan sí i níbi tí ẹnu ọ̀nà àgọ́ máa wà: "Ti ẹni tó bá ní òun máa bá wa lọ nìyẹn." Lọ́dọọdún, a kì í ṣàìrí ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, mo ní kí ọmọ tó ń tajà tẹ́ àgọ́ ẹni mẹ́rin náà sílẹ̀. "Ó yá, ẹ dùbúlẹ̀!" Ìyàwó mi ní mo fẹ́ dójú ti òun, síbẹ̀ ó bọ́ bàtà. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti na gbalaja. Èmi náà sùn tì wọ́n, ẹsẹ̀ mi sì yọ síta.

"Ẹ gbé èyí tó jù ú lọ wá."

"Ṣebí ẹ̀yin mẹ́rin náà ni, sà?"

Kí n tó fèsì, Bàbá ti dìde. Láti ọdún tí Màmá ti kú, wọn kì í fẹ́ sùn níta ilé wọn. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n rọra dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́.

"Èmi lẹni náà lọ́dún yìí," ni wọ́n wí.