Agbádá Tó Bo Bọ́tìnnì Pupa

Máàpù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe bàbá náà nígbà tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Ìnagijẹ yìí dùn mọ́ ọn débi pé bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ó lè má dáhùn. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wá ṣe afẹ́ lókè òkun, ó búra pé òun ò ní bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Abèèrè kì í ṣìnà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ìyá Ìbejì, ẹni tó mọ̀nà ńkọ́?"

Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù máa ṣí lọ́sàn-án, ilé sì ni wọ́n ń lọ lọ́la. Láti kékeré ni ìyá yìí ti ń fẹ́ rìn lórí òkun. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń yí ìlú po. "Ẹ kú ìjókòó o!" ni Máàpù kí gbogbo èrò. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ó bá dá ara rẹ̀ lóhùn.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé èbúté, ó dìde, ó gbọn agbádá.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn. Òun làwọn tó ń sọ̀ ń tẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí ọlọ́pàá wá mú wa? Nǹkan pupa kì í ṣe ohun ìṣeré." Ó fi apá agbádá bo bọ́tìnnì náà. "Ta ni yóò rí irú agbádá yìí lórí ìdúró tí kò ní tẹ búrẹ́kì?"

Dẹrẹ́bà ò tẹ ohunkóhun. Èbúté kọjá lójú fèrèsé, fìrì!

"Mo fẹ́ kóo kọ́kọ́ rí ìlú ni," ni Máàpù wí, ó ń nu òógùn.

Wọ́n tún yí ìlú po. Bí èbúté ṣe tún yọ, ọkọ̀ ojú omi fun fèrè. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, agbádá ò jẹ́. Ló bá so gèlè le, ó ké bó ṣe máa ń ké nínú dánfó nílé:

"Ó wà o! Dẹrẹ́bà, ó wà níwájú o! Aboyún ni o, ó tún pọn ọmọ!"

Aboyún ẹni ọgọ́ta ọdún! Gbogbo èrò ta gìrì. Ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá rẹ̀ gbé apá agbádá sókè wẹ́rẹ́, ó sì fi í tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ dúró. Ọlọ́pàá kankan ò yọjú.

Ni wọ́n bá ki eré mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ agbádá bí ìgbòkun. "Aboyún, rọra o!" ni Máàpù ń pariwo, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí èémí mí. Ó ku díẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ yọ àkàsọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni tọkọtìyàwó náà wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí erékùṣù yọ lókèèrè, Máàpù dìde, ó gbọn agbádá, ó wọ̀tún wòsì. Ó wá fẹnu mọ́ etí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, a ti fẹ́ dé o. Jọ̀ọ́, bá wa ké sí dẹrẹ́bà."